Àwòrán Tí Alàgbà Adéyẹyè Gé

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Alàgbà Adéyẹyè fi ṣọ́ fáìlì ní rẹ́jísìrì ìjọba ní Adó-Èkìtì, kò sì sí fáìlì kan ṣoṣo tó sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, ó sì máa ń sọ ọ́ fún ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pàápàá. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ńlá kan rán awakọ̀ rẹ̀ wá pé kó wá gba fáìlì kan kíákíá, pé òun ń kánjú. Adéyẹyè wo awakọ̀ náà látòkè délẹ̀, ó ní kó padà lọ gba ìwé tí ọ̀gá rẹ̀ buwọ́ lù wá. Ọ̀gá náà bínú títí, ó ní òun á lé e lọ sí ìlú tí kò ti ní í rí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó buwọ́ lùwé. Bébà kan kì í dédé jáde ní rẹ́jísìrì Adéyẹyè.

Ìfẹ̀yìntì kò bá irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ lára mu. Odindi ọdún méjì ló fi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ní Ọ̀nà Ìjàn, tí kò sẹ́ni tó wá gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbìyànjú kí ìyàwó rẹ̀, Ìyá Tèmídayọ̀, máa kọ orúkọ sílẹ̀ kó tó mú ṣíbí jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ìyá náà sì wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tí ibà ń ṣe. Ìjọ ló yọ ọ́. Wọ́n fi í ṣe Akọ̀wé Ìròyìn fún gbogbo àgbègbè ìjọ wọn, ìyẹn ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́wàá láti Adó títí dé Ìyìn àti Ìgèdè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa bójú tó gúrúùpù Wasáàpù àti ojú ewé Fesibúùkù wọn.

Iṣẹ́ náà wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀wù àtijọ́. Ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ gééré, ẹni tó ń ṣọjọ́ ìbí, ẹni tó ń ṣàjọ̀dún ìgbéyàwó, ẹni tó bímọ, ẹni tó kú, gbogbo wọn ni Alàgbà Adéyẹyè á gbé jáde pẹ̀lú àwòrán àti àdúrà. Ó lé ní irinwó ènìyàn tó ń dúró de ọwọ́ rẹ̀ láràárọ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan ní Ìgèdè, Tíṣà Olúwarótìmí, ló máa ń kọ́kọ́ dáhùn "Àmín". Wọn kò tíì fojú kanra rí, ṣùgbọ́n Adéyẹyè fẹ́ràn ọkùnrin náà nítorí Àmín yẹn, ó jọ ìbuwọ́lùwé lójú rẹ̀.

Níbo ló ti ń rí àwòrán? Orí dípì ni, àwòrán róbótó tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ènìyàn lórí Wasáàpù. Á tẹ̀ ẹ́, á mú un, ó parí. Kò bi ẹnikẹ́ni rí. Bí orúkọ ẹni tó ya àwòrán bá wà ní igun rẹ̀ nísàlẹ̀, á gé e dànù, ó ní ojú ewé ìjọ Ọlọ́run kì í ṣe pátákó ìpolówó. Ìyá Tèmídayọ̀ bi í léèkan pé ṣé ó gbàṣẹ. Ọkùnrin tó dá ọ̀gá ńlá padà nítorí ìbuwọ́lùwé yìí rẹ́rìn-ín, ó ní àwòrán tó ti wà lórí fóònù, ta ló tún ni ín, bí kò ṣe gbogbo ayé.

Ohun kan sì wà tí gbogbo wa mọ̀ lágbègbè yìí, tí òun náà mọ̀. Dípì ẹni kì í sábà jẹ́ ojú ẹni. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá pé àádọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ lo máa fi síbẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Bí ọmọ rẹ bá jáde ní yunifásítì, tirẹ̀ ni. Bí àlùfáà yín bá ṣí lọ, ẹ ó gbé tirẹ̀ síbẹ̀ kí inú rẹ̀ lè dùn. Tíṣà Olúwarótìmí ni ọba àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìṣirò ló fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ìlú, kò sì sí ọ̀sẹ̀ kan tí kì í gbé ojú ẹlòmíràn sórí fóònù rẹ̀. Tirẹ̀ nìkan ni kò gbé síbẹ̀ rí.

Ó ṣàìsàn fún ọjọ́ mẹ́rin, ó kú lọ́jọ́ Túsìdeè. Ní òwúrọ̀ Wẹ́sìdeè, àlùfáà Ìgèdè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí Adéyẹyè: orúkọ, ọjọ́ orí, kò sí àwòrán. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí aago mẹ́fà lù. Adéyẹyè tẹ dípì òkú, ó sì rí bàbá arẹwà kan nínú agbádá aláwọ̀ ewé, fìlà bá orí rẹ̀ mu, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Ó káàánú. Ó ní irú ọkùnrin báyìí ló máa ń sọ pé Àmín. Nísàlẹ̀ àwòrán, wọ́n kọ "Jùwọ́n Fọ́tò, Ìyìn-Èkìtì" pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù. Ó gé e kúrò. Ó fi àbẹ́là méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó kọ "Ó ti sùn nínú Olúwa", ó gbé e jáde, ó fi fóònù sílẹ̀ kó máa gba iná, ó gba oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹni tó wà nínú àwòrán náà ń jẹ ẹ̀kọ lọ́wọ́ ní Ìyìn. Ayọ̀rìndé lorúkọ rẹ̀, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Àládùúrà, ọ̀rẹ́ Olúwarótìmí láti ìgbà tí wọ́n ti ń lọ sílé ìwé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ẹni àádọ́rin ọdún ni, ìdí nìyẹn tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi gbé ojú rẹ̀ sórí dípì.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kó tó di pé Adéyẹyè ti oko dé lọ́sàn-án, àwòrán náà ti dé Ìlọrin, ó ti dé Èkó, ó ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ Ayọ̀rìndé kan tó wà lókè òkun. Lóòótọ́, orúkọ Olúwarótìmí ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń ka ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán? Àwọn díẹ̀ tó kà á ní bóyá orúkọ ìsàmì Ayọ̀rìndé ni. Àna Ayọ̀rìndé kan ti kó àga àti tánpólì wá. Ní ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú kan ni wọ́n wà nígbà tí Ayọ̀rìndé fúnra rẹ̀ wọlé. Ọmọlúàbí ènìyàn ni, òun náà bọ́ fìlà, ó dúró, ó dorí kodò. Ẹ̀yìn tí wọ́n jókòó ló tó bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ta ló kú.

Nígbà tí Adéyẹyè gbé fóònù rẹ̀ níbi iná, ìpè mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló bá níbẹ̀. Ó pa àwòrán náà rẹ́, ó tún ìkéde ikú náà kọ láìsí àwòrán kankan, ó ní ọ̀rọ̀ ti tán. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni lẹ́tà lọ́yà dé.

Lọ́yà Monínúọlá ní Òkèṣà ló kọ ọ́, lórúkọ Ayọ̀rìndé àti ti Jùwọ́n, ayàwòrán Ìyìn. Ó ní kí wọ́n tọrọ àforíjì lójú ewé kan náà fún ọjọ́ méje. Ó ní gbogbo àwòrán tó wà lójú ewé náà, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹni tó ni ojú buwọ́ lùwé pé òun gbà, kí orúkọ ẹni tó yà á sì hàn. Èyí tí kò bá ní ìwé, kí wọ́n yọ ọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kóòtù. Ìgbìmọ̀ ìjọ ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ bá fi lè dé kóòtù, Alàgbà á gbé iṣẹ́ Akọ̀wé Ìròyìn sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Adéyẹyè délé, kò jẹun. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọdún méjì yẹn ló ń rí lójú.

Ó lọ bá lọ́yà. Obìnrin náà kò ju ọmọ rẹ̀ lọ, ó kúnlẹ̀ kí i, ó fún un ní àga tó dára jù, ara rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀. Ó kọ́kọ́ sọ nípa ọdún méjìlélọ́gbọ̀n rẹ̀ ní rẹ́jísìrì, kó lè mọ irú ẹni tóun ń bá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé lórí fóònù lòun ti rí àwòrán náà, òun kò wọlé ẹnikẹ́ni lọ jí i, òun kò sì fi jẹ kọ́bọ̀ kan.

Lọ́yà ní, "Bàbá, bí ẹ bá rí ewúrẹ́ lójú títì, tí kò sókùn lọ́rùn rẹ̀, ṣé ó ti di tiyín nìyẹn?"

Ó ní ewúrẹ́ yàtọ̀. Obìnrin náà fi sùúrù ṣàlàyé fún un pé òfin kò rí ìyàtọ̀ púpọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ya àwòrán ló ni ín, àfi bí àdéhùn bá wà nínú ìwé pé ti ẹlòmíràn ni. Ẹni tó sì san owó kí wọ́n ya òun fún ìlò ilé òun lè ní kí wọ́n má gbé e síta gbangba. Pé ó wà lórí ayélujára kò sọ ọ́ di ohun tí kò lólúwa, pé èrè kò sí níbẹ̀ kò sì mú ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ẹni. Ìjọ náà wà lábẹ́ òfin. Adéyẹyè ń mi orí bí ẹni tí kò gbà. Lọ́yà wá tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀, ó rọ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ ní ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lẹ fi wà ní rẹ́jísìrì. Ta ló buwọ́ lu fáìlì yìí kó tó jáde, sà?"

Orí tó ń mì dúró. Ó wo ilẹ̀, ó wo àpótí fáìlì tó wà lẹ́yìn lọ́yà, tí wọ́n tò dáadáa, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára. Ojú tì í, ìtìjú náà sì jọ èyí tó máa ń fi kan àwọn akọ̀wé kékeré nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó dìde, ó ní òun ti gbọ́.

Láti ibẹ̀ ló ti lọ tẹ fọ́ọ̀mù. Ìwé Ìyọ̀ǹda Àwòrán ló pè é, ẹ̀dà mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún ẹni tó ni ojú, ọ̀kan fún ìjọ, ọ̀kan fún fáìlì. Kí n sọ òótọ́, inú rẹ̀ dùn. Ó wọ bàtà tó fi ń lọ síbi iṣẹ́, ó kó bírò mẹ́ta sápò, ó gbọ̀nà Bàsírì, Ìjìgbò, Ajílósùn, ilé dé ilé. Ìyá Tèmídayọ̀ ní òun kò rí i kó yọ báyìí láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì.

Ohun tó rí lẹ́nu iṣẹ́ náà kò kéré. Ìyá kan ní Bàsírì kò buwọ́ lù ú, ó ní òun sanra jù nínú èyíinì, kó jókòó kó tún òun yà. Bàbá kan tó ṣe àjọ̀dún ìgbéyàwó ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lójú ewé náà fa fọ́ọ̀mù ya, torí ìyàwó inú àwòrán ti wà lọ́dọ̀ ọkọ mìíràn ní Ìkéré. Fún ọmọ ìkókó kan, Adéyẹyè ti gbé pádì tàdáwà jáde kó lè tẹ̀ka, kí ìyá rẹ̀ tó ní òun lè buwọ́ lù ú fún un. Èyí tó dùn ún jù ni ti ìyàwó rẹ̀. Ó gbé fọ́ọ̀mù àwòrán ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún ìyá náà síwájú rẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ, Ìyá Tèmídayọ̀ sì kà á tinútẹ̀yìn, ó ní kó fi sílẹ̀ kóun rò ó. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi rò ó.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe ń pé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn tí kò ní ìwé. Àwọn òkú ló fi ṣáájú, torí òkú kì í buwọ́ lùwé, kò sì ronú pé òkú ní ará ilé. Ó yọ gbogbo àwòrán èrò, ìkórè, àpéjọ, ìyàsímímọ́, torí ta ni yóò wá ọgọ́ta ènìyàn kiri? Lọ́yà kò ní kó pa wọ́n rẹ́ lórí fóònù tirẹ̀, ojú ewé nìkan ló sọ. Ṣùgbọ́n Adéyẹyè kì í ṣe iṣẹ́ ààbọ̀. Ó pa wọ́n rẹ́ níbẹ̀ náà, ó tún wọ ibi tí fóònù ń da pàǹtírí sí, ó gbá a mọ́ tónítóní. Àforíjì ọjọ́ méje náà ti jáde pé, ó wá kọ ìròyìn ojú ewé mẹ́rin ránṣẹ́ sí lọ́yà. Ìgbìmọ̀ yìn ín, wọ́n fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún un, ó sì sùn dáadáa.

Ní gbogbo àkókò yìí, ojú ẹni tó wà láàyè là ń jà lé lórí. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ojú ẹni tó kú. Àwa la fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tí à ń pa làpálàpá.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, obìnrin aláṣọ dúdú kan wọlé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ọ̀nà Ìjàn. Ìyá Dùnmínínú ni, opó Tíṣà Olúwarótìmí, ó ti Ìgèdè wá. Wọ́n kí ara wọn tán, ó ní ìsìnkú ku ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé ètò ìsìn sì ti fẹ́ lọ sílé ìtẹ̀wé, àwòrán nìkan ló kù. Ọkọ òun kì í ya fọ́tò. Bí wọ́n bá pè é, á ní ojú òun kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìṣirò, á lọ dúró sẹ́yìn. Ẹyọ kan tí àwọn rí ni pásípọ́ọ̀tù tó wà nínú ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́, òǹtẹ̀ ìjọba sì ti gba ojú àti imú rẹ̀ kọjá.

"Àmọ́ ẹ̀yin yà á," obìnrin náà ní, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìkórè àpapọ̀ èṣí, l'Adó níhìn-ín. Ùlà kejì láti ẹ̀yìn ló dúró sí, ó la ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ṣí i fún mi lójú ewé yín l'ulé, ó ní, 'Wò ó, wọ́n jí mi yà.' Inú rẹ̀ dùn ṣá. Òun ni mo wá gbà."

Adéyẹyè gbé fóònù. Ó mọ̀ pé kò sí níbẹ̀, síbẹ̀ ó wá a. Ó wo ojú ewé, ó wo inú fóònù, ó wo ibi pàǹtírí tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbá. Ọkùnrin tó ti ń kọ́kọ́ kí i láràárọ̀ láti ọdún mẹ́rin, ojú rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n, ó sì ti pa á rẹ́ torí pé kò rí ìwé rẹ̀. Fáìlì kan ṣoṣo tó sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyí, ó sì fẹ́ sọkún. Ó sọ òótọ́ fún obìnrin náà, kò fi ọ̀kan pe méjì.

Ìyá Dùnmínínú kò pariwo. Ó tún gèlè rẹ̀ wé.

"Ọjọ́ tó kú, ojú ẹlòmíràn lẹ gbé fún un. Ṣé báa ṣe máa sin ín láìlójú náà nìyẹn?"

Nígbà tó lọ tán, Adéyẹyè jókòó títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù. Ọ̀rọ̀ ojú ẹlòmíràn yẹn ló ń yí kiri lọ́kàn rẹ̀. Agbádá aláwọ̀ ewé ló wá sí i lọ́kàn, àti igun àwòrán tí òun gé dànù. Bí àádọ́rin ọdún Ayọ̀rìndé bá tó ohun tí Olúwarótìmí gbé sórí dípì, ṣé kò ní í lọ síbẹ̀ ni? Ẹni tó yà wọ́n á mọ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ wà nísàlẹ̀ àwòrán náà tẹ́lẹ̀, òun ló gé e. Ó di dandan kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí Ìyìn lọ́jọ́ kejì, kó máa bèèrè ilé Jùwọ́n ayàwòrán lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà.

Jùwọ́n jẹ́ ọkùnrin ẹni ogójì ọdún, ó ní yàrá kan lẹ́bàá títì. Ó mọ Adéyẹyè lójú ẹsẹ̀ tó dárúkọ, kò sì rẹ́rìn-ín. Adéyẹyè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ìdúró, kó tó sọ ohun tó bá wá. Jùwọ́n ṣí kọ̀ǹpútà, ó ní òun kì í pa iṣẹ́ òun rẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán àádọ́rin ọdún náà hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan: Ayọ̀rìndé lórí àga, Ayọ̀rìndé pẹ̀lú ìyàwó, Ayọ̀rìndé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Èyí tó kẹ́yìn ló dúró lé lórí.

Ayọ̀rìndé jókòó, fìlà rẹ̀ ti wọ́, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wá láti ẹ̀gbẹ́ láti bá a tún un ṣe, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lórí fìlà. Ayọ̀rìndé ti dì í mú níbàdí kó má lè sá. Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ilé ìwé. Adéyẹyè wo ojú ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà pẹ́. Ó ní, "Àmín nìyí." Jùwọ́n kò mọ ohun tó ń sọ.

Jùwọ́n ní òun fi í tọrẹ fún opó, kí wọ́n sáà fi orúkọ òun sílẹ̀ níbi tó wà. "Àmọ́ ojú méjì ló wà ńbẹ̀, bàbá. Ẹ lọ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Bàbá Ayọ̀rìndé. Lọ́yà ti là wá lójú, gbogbo wa."

Ilé Ayọ̀rìndé kò jìnnà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Adéyẹyè wúwo. Ẹni tóun fẹ́ lọ bẹ̀ kó jẹ́ kí ojú rẹ̀ wà lórí ìwé òkú ni ẹni tóun ti pa lójú ayé, tó fẹ́ gbé òun lọ sí kóòtù nítorí ìkéde òkú. Ó bá bàbá náà lábẹ́ igi ọsàn, ó ń ka ìwé ìròyìn. Adéyẹyè dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyẹ̀pẹ̀, kò sì dìde. Láti ilẹ̀ ló ti sọ gbogbo rẹ̀, opó, ìkórè, pàǹtírí fóònù, àwòrán Jùwọ́n. Ó tún fi kún un pé òun lè gé bàbá náà kúrò níbẹ̀, bó bá tiẹ̀ máa ku ọwọ́ rẹ̀ lásán níbàdí Olúwarótìmí, kí ojú rẹ̀ má baà tún wà nítòsí ọ̀rọ̀ ikú.

Ayọ̀rìndé ká ìwé ìròyìn rẹ̀ sí méjì. Ó ní kó dìde.

"Ẹ̀yin rò pé torí pé ẹ pa mí ni mo ṣe bínú," ó ní. "Ukú tó ń bọ̀ náà ni, ẹ kàn mú un yá ni. Ọmọ kan ló fi hàn mí ní ìpàdé. Mo rí ojú mi láàárín àbẹ́là, mo rẹ́rìn-ín. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ tí mo ka orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀." Ó fi ìwé ìròyìn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bí mo ṣe mọ̀ pé Rótìmí kú nìyẹn. Ẹ̀rín mi ni mo fi gbọ́ ọ."

Adéyẹyè yọ fọ́ọ̀mù rẹ̀ jáde. Nínú gbogbo ìwé tó ti kó kiri ìlú, kò sí ibi tí wọ́n ń kọ irú ìyẹn sí.

Ayọ̀rìndé na ọwọ́ gba fọ́ọ̀mù. Akọ̀wé kóòtù ni, ó kà á láti orí dé ìdí, ó bèèrè ta ni yóò buwọ́ lù ú fún òkú, Adéyẹyè ní opó rẹ̀ yóò buwọ́ lù ú. Ó buwọ́ lu ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó kọ ọjọ́, ó dá bírò padà.

"Ẹ má gé mi," ó ní. "Ó pẹ́ kí n tó rí i dì mú."

Adéyẹyè gba Ìgèdè padà sílé, opó náà gba àwòrán fún ìwé ètò ìsìn, ó sì buwọ́ lu fọ́ọ̀mù. Ní Sátidé, ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, Alàgbà Adéyẹyè gbé àwòrán náà jáde láìgé igun kan. Ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé Tíṣà Olúwarótìmí ni ẹni tó dúró, pé ẹni tó jókòó wà láàyè, pé Jùwọ́n ti Ìyìn-Èkìtì ló yà á. Kó tó di aago méje, ènìyàn mẹ́rin ti pe ilé Ayọ̀rìndé láti bèèrè ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ń dá wọn lóhùn pé ó ń wẹ̀ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni Adéyẹyè ń wò. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo ibi tí Àmín àkọ́kọ́ máa ń wà. Ìṣẹ́jú kan kọjá, èkejì kọjá. Nọ́ńbà kan tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún gúrúùpù náà lánàá ló dáhùn, láti Ìyìn. Ohun tó kọ ni "Àmín".

Adéyẹyè tẹ dípì ẹni náà. Olúwarótìmí ló rí, òun nìkan, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ayọ̀rìndé ti gé ara rẹ̀ kúrò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Adéyẹyè, fọ́ọ̀mù ṣì kù bí ogún nínú fáìlì. Ó wo fáìlì náà, ó wo fóònù, kò sì bi ẹnikẹ́ni pé ta ló buwọ́ lù ú.